Wọ́n fi ẹ́ ṣe ọ̀gá àjọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú? Ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ rèé

Má tíì sáré ra ẹ̀rọ o, òfin ni kó o kọ́kọ́ wá. Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ òfuurufú Bellview já bọ́ ní Lísà nípìnlẹ̀ Ògùn lóṣù kẹwàá 2005, ti Sosoliso já bọ́ ní Port Harcourt lóṣù kejìlá, ti ADC tún já bọ́ l'Abùjá ní 2006, ọdún yẹn náà ni òfin tuntun jáde tó jẹ́ kí NCAA, àjọ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, lè dá dúró. Owó náà ńkọ́? Wọ́n ń yọ 5% lórí tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ló ń pín in.

Wá sanwó gidi fáwọn inspẹ́kítọ̀ ẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lọ ṣiṣẹ́ fáwọn tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Kí wọ́n yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí táyà, wo bóyá epo ń jò lábẹ́ ìyẹ́, kí wọ́n ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ àléébù ọkọ̀ sí, wo èyí tí wọ́n kàn ń sún síwájú látọjọ́ yìí. Tí inspẹ́kítọ̀ bá ní ọkọ̀ kan ò ní gbéra, ó parí nìyẹn, kódà kí sẹ́nétọ̀ ti jókòó sínú ẹ̀, kó sì máa pè ẹ́ lórí fóònù (á pè ẹ́ dandan ni).

Amẹ́ríkà fún Nàìjíríà ní Category 1, ìyẹn ẹ̀rí pé à ń ṣọ́ ọkọ̀ òfuurufú bí ìlànà àgbáyé ṣe sọ, ní 2010, inú wa dùn, àmọ́ ọkọ̀ òfuurufú Dana ṣì já bọ́ ní Ìjù-Ìshága l'Ékòó ní June 3, 2012, gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú ẹ̀ ló kú. Torí náà má sùn lórí ìwé ẹ̀rí. Páílọ́ọ̀tì tó bá fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ àṣìṣe, má lé e, ẹni tó bá fi pamọ́ ni kó o mú.