Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ irú ojú ọjọ́ tẹ́ ẹ máa bá ní São Tomé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé béèrè pé "ṣé òjò ń rọ̀ ní São Tomé báyìí?" Erékùṣù yẹn ò tóbi lóòótọ́, àmọ́ òjò lè máa ya lulẹ̀ lápá kan kí eruku máa sọ lápá kejì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni: apá ibo ni mò ń lọ, oṣù wo ni, ibẹ̀ sì ga tó báwo?

Ẹ kọ́kọ́ ṣí máàpù. Inú òkun ló wà, lápá ìwọ̀ oòrùn Gabon, òun àti Príncipe ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, òkè ayọnáyèéfín ló sì bí àwọn méjèèjì. Ẹ wá Pico de São Tomé, mítà 2,024 ló fi ga, torí òkè yẹn gan-an ló ń pín òjò. Látorí òkun, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn, ni afẹ́fẹ́ ti ń ru omi bọ̀, tó bá ti fàyà gbá òkè, kò rọ́nà gbà mọ́ àfi kó gùn ún, bó sì ṣe ń gòkè ló ń tutù, ló bá da gbogbo omi inú ẹ̀ síbẹ̀, ìgbà tó bá fi máa sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí òjò ọdún kan lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn fi lè ju mìlímítà 4,000 lọ, tí ti olú-ìlú lápá àríwá ìlà oòrùn ò sì ju bíi 1,000 lọ. Ẹ lọ sí Lagoa Azul ní àríwá, igi osè àti koríko gbígbẹ lẹ máa bá níbẹ̀.

Tó bá kan oṣù, June sí September ni ẹ̀rùn wọn, gravana ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rò pé oòrùn á kàn máa ràn o! Ìkùukùu máa ń bolẹ̀ nígbà yẹn, afẹ́fẹ́ á sì tutù díẹ̀. October sí May ni òjò, àmọ́ ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní nǹkan bíi January sí February.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Pico Cão Grande ní gúúsù, ẹ tètè jí, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù, torí kùrukùru lè bò ó pátápátá, tó bá yá ó tún ṣí. Òkúta yíyọ́ tó dì sọ́nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín ni, ara òkè tó yí i ká ló ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, tó wá ku ọ̀fun yẹn nìkan lóòró bí abẹ́rẹ́. Ó rẹwà gan-an ni.

Fún gígun Pico de São Tomé, gravana ni kẹ́ ẹ lò, torí ẹrẹ̀ ìgbà òjò léwu. Létíkun, bíi dígírì 27 ló máa ń wà, àmọ́ fún mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá gùn, ẹ yọ nǹkan bíi 6 kúrò, ẹ ẹ́ rí i pé súwẹ́tà ṣe pàtàkì. Rénkóòtù ńkọ́? Ìgbàkigbà ni.

Ìlà agbedeméjì ayé gba orí Ilhéu das Rolas, erékùṣù kékeré tó wà nísàlẹ̀ São Tomé ní gúúsù, kọjá, torí náà ọ̀sán àti òru ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ jálẹ̀ ọdún, kó tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ oòrùn ti wọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ti gúúsù padà sí olú-ìlú, ẹ ti wà lójú ọ̀nà kí aago mẹ́rin tó lù.