Àṣìṣe tí à ń ṣe bí a bá ń fi fóònù kọ́ ọmọ ní Yorùbá lókè òkun

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́fà kan wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí mo máa ń kọ́ ní Yorùbá lórí Zoom lọ́jọ́ Sátidé. Èmi wà n'Ìbàdàn, òun wà nídìí tábìlì ìdáná ìyá rẹ̀. Kí n tó mọ̀ ọ́n ni YouTube ti kọ́ ọ ní a, b, d títí dé y, ó sì lè ka oókan dé ogún láì mí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ríra, mo bi í pé, "Ta ló di irun fún ẹ?" Ó wò mí. Mo tún un bi. Ló bá gbé orin ábídí sẹ́nu.

Inú ìyá rẹ̀ dùn, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ohùn ọmọ náà dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ibi tí àwa àgbà ti ń ṣì í, mo sì ti bá ara mi níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ká gbé táblẹ́ẹ̀tì fún ọmọ, ká bá tiwa lọ

Ó yé mi. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ìrẹsì wà lórí iná, fídíò Ìjàpá kan sì wà tó ń sọ Yorùbá tó já gaara. Ẹ ní ó kúkú sàn ju kátúùnù Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ó lè sàn. Àmọ́ pé Yorùbá ń dún létí ọmọ kò sọ pé ó ń wọ̀ ọ́ lára.

Ní 2003, Patricia Kuhl àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Washington, ní Seattle, fi àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé àwọn ọmọ náà. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó gbọ́ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, bá apá kan nínú wọn ṣeré, kí wọ́n sì ka ìwé fún wọn, ìgbà 12 láàárín nǹkan bí oṣù kan. Àwọn mìíràn rí àwọn olùkọ́ kan náà, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n inú fídíò ni. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí èèyàn bá ṣeré ń dá ìró Mandarin mọ̀ bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Taiwan, níbi tí wọ́n ti ń sọ Mandarin. Àwọn ọmọ fídíò kò mú nǹkan kan níbẹ̀. Ńṣe ló dà bíi pé wọn ò gbọ́ Mandarin rí.

Ẹni tó bá ti jókòó ti apàlọ́ rí kò nílò Seattle kó tó mọ èyí. Bí ìyá àgbà bá ké pé "Ààlọ́ o!", wọn ò ní sún síwájú títí àwọn ọmọ á fi dáhùn pé "Ààlọ̀!" Bí ègbè bá ń rọlẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé oorun ti ń kun àwọn ọmọ, wọ́n á yára mú Ìjàpá délé. Ojú àwọn tó ń gbọ́ àlọ́ ni wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń pa á. Ìjàpá orí YouTube kò wo ojú ẹnì kankan. Bí ọmọ ti sùn lọ fọnfọn, á ṣì máa kọrin.

Kò dé ibi ká pa fídíò tì. Ẹ jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ dá fídíò dúró níbi tí Ìjàpá ti fẹ́ jalè, kí ẹ bi ọmọ pé, "Kí lo rò pé ó fẹ́ ṣe?" Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ má bínú, ẹ má sì fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ fi Yorùbá tún ohun tó sọ sọ, kí ẹ wá tẹ fídíò lọ.

Ká wá ka gbogbo ẹ̀rọ léèwọ̀

Òbí kan gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè yìí, ló bá gba gbogbo ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ, títí kan fóònù tó fi ń rí ìyá àgbà. Mo ní kó jọ̀ọ́. Nínú ìwádìí kan tí Sarah Roseberry, Kathy Hirsh-Pasek àti Roberta Golinkoff tẹ̀ jáde ní 2014, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ tó ti tó ọdún méjì sí méjì àbọ̀ ní ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn tí wọ́n kọ́ lójúkojú mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n kọ́ lórí Skype náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wo fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n. Gíláàsì kan náà sì ni wọ́n ń wò o! Ẹni tó wà lórí Skype ń dá wọn lóhùn, ó ń dúró dè wọ́n. Àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà náà, nígbà tí wọ́n gbani nímọ̀ràn ní 2016 pé kí ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18 má máa wo ojú ẹ̀rọ, wọ́n yọ ìpè fídíò sílẹ̀.

Ká fi ìpè Màmá ṣe kíkí lásán

Ẹ mọ bó ṣe máa ń lọ. Bàbá ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ orí ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ó wá rántí ọmọ. "Ó yá, wá kí Màmá." Ọmọ sáré wá.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá." Ìrọ̀lẹ́ ni.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni."

"Ilé ìwé ńkọ́?"

"Dáadáa ni."

Bàbá gba fóònù rẹ̀ padà. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ yẹn ti ń sọ gbólóhùn méjì yìí.

Ọmọ náà kò ní nǹkan tó fẹ́ bá Màmá ṣe ni. Ìyá ọmọ Peckham ló fi ọgbọ́n kan hàn mí. Ó rẹ ẹ̀wà ife kan, ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Màmá náà rẹ tiwọn l'Óṣogbo. Àwọn méjèèjì jọ ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín.

"Fọwọ́ ra á dáadáa."

"Màmá, ó ń yọ̀!"

"Á yọ̀ ni. Èèpo ẹ̀ dà?"

"Ó wà lórí omi."

"Rọra da omi yẹn nù. Má da ẹ̀wà sí i o!"

Ó dà á sí i. Wọ́n jọ ṣa á. Wákàtí kan kọjá, kò sì sẹ́ni tó pe nǹkan tí wọ́n ń ṣe ní ẹ̀kọ́.

Ẹ má sì sọ fún ọmọ pé kó má wulẹ̀ kúnlẹ̀, pé kámẹ́rà ò ní rí i. Lọ́jọ́ kan tí ọmọ yìí kúnlẹ̀ kí Màmá, ńṣe ló pòórá lójú fóònù, ó ku àga nìkan. "Ibo lo wọlẹ̀ sí?" ni Màmá ń bi. Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Mo wà nílẹ̀, Màmá, mò ń kí yín." Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, oríkì sì bẹ̀rẹ̀: "Àjọkẹ́, Àjọkẹ́ mi..." Ìyá rẹ̀ ti gba oríkì yẹn sílẹ̀ tipẹ́, alaalẹ́ ló ń tẹ̀ ẹ́ sí ọmọ létí, ọmọ ò kà á sí. Lọ́jọ́ yìí, kò dìde títí wọ́n fi kì í tán.

Ká tẹ Yorùbá láì fàmì sí i

Èyí, tèmi ni. Mo fi iṣẹ́ ilé ránṣẹ́ lórí WhatsApp tìkánjútìkánjú: "Fi igba da gbolohun kan." Ọmọ kan kọ nípa igbá tí wọ́n fi ń bu omi. Òmíràn kọ nípa ìgbà òjò. Ẹnì kẹta ní ìyá òun fi ìgbá se ọbẹ̀. Igba náírà ni mo ní lọ́kàn. Mo fún gbogbo wọn ní máàkì, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá láti 2013, ó sì wúlò fún àgbà tó ti gbọ́ èdè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sí i láìsí àmì, ńṣe ni yóò máa méfò bóyá ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ lẹ̀ ń wí. Màmá tó pe ọmọ ní "ọkọ mi" lẹ́ẹ̀kan kò ní kí ẹnikẹ́ni méfò. Bí ẹ kò bá ráàyè fàmì sí i, ẹ fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́, kí ọmọ náà fi ohùn tirẹ̀ dá a padà.

Kíláàsì ńlá ńkọ́? Mo gba ọmọ 18 lẹ́ẹ̀kan náà nígbà kan. Owó ló fà á. Mo pa ohùn gbogbo wọn kí ariwo má baà pọ̀, mo wá fi odidi wákàtí kan bá ara mi sọ̀rọ̀. Mẹ́rin ni mo ń gbà báyìí.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, tí ìdáhùn ọmọ ń dé lẹ́yìn tí Màmá ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ pa á, kí ẹ pè lọ́la. Ẹ sì máa wo aago. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, aago kan náà ni Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn ń lò. Nígbà òtútù, tiwa fi wákàtí kan ṣáájú. Ti Houston, l'Amẹ́ríkà, ló le jù, wákàtí mẹ́fà tàbí méje ni. Bí ẹ bá pe Màmá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yín níbẹ̀, wọ́n á gbé e o, ṣùgbọ́n oorun ni yóò máa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀.