Ìròyìn Orí Kébù ní Amẹ́ríkà: Ohun Tó Wà Nídìí Ariwo Náà

Orúkọ ló kọ́kọ́ máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà láàmú. Ìkànnì FOX tí áńtẹ́nà ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kọ́ ni Fox News. Ti áńtẹ́nà yẹn, ilé iṣẹ́ àdúgbò ni: ilé tó jóná, òjò tó ń bọ̀, ọ̀nà tó dí. Fox News ní tirẹ̀ jẹ́ ìkànnì kébù, irú èyí tí ẹ ń sanwó oṣooṣù kí ẹ tó rí i, òṣèlú sì ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Bákan náà ni NBC kì í ṣe MSNBC, èyí tó pa orúkọ dà sí MS NOW ní oṣù kọkànlá ọdún 2025. CNN ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ìkànnì ìròyìn kébù mẹ́ta yìí, Ted Turner ló dá a sílẹ̀ ní Atlanta ní 1980. Ọdún 1996 ni àwọn méjì yòókù dé, MSNBC ní oṣù keje, Fox News ní oṣù kẹwàá.

Ìyàtọ̀ yìí kọjá ti orúkọ. FCC, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣàn, ń fún ilé iṣẹ́ tó ń lo afẹ́fẹ́, ìyẹn àwọn tí áńtẹ́nà ń gbà, ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n kì í fún ìkànnì kébù. Láti 1949 ni òfin kan ti wà tí wọ́n ń pè ní Fairness Doctrine: bí ilé iṣẹ́ bá gbé ọ̀rọ̀ tó ń fa àríyànjiyàn jáde, kó jẹ́ kí ẹni tí èrò tirẹ̀ yàtọ̀ náà rí àyè sọ̀rọ̀. FCC fagi lé e ní 1987. Àwọn kan ń sọ pé ikú òfin yẹn ló bí Fox News. Ẹ má fi bẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́, torí àwọn tó ń lo afẹ́fẹ́ ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Nítorí náà, bí ẹ bá kọ̀wé sí FCC pé atọ́kùn kan lórí kébù ń ṣojúsàájú, asán ni.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé fún wọn. Nínú owó tí ẹ ń san fún ilé iṣẹ́ kébù lóṣooṣù, wọ́n ń yọ ti ìkànnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àpapọ̀ tí ẹ rà, ẹ wò ó o, ẹ ò wò ó o. Ẹni tó kórìíra Fox News ń bọ́ Fox News. Ẹni tí kò fẹ́ rí CNN sójú ń bọ́ CNN. Ọ̀nà kejì ni ìpolówó ọjà. Ẹni ọdún 25 sí 54 ni àwọn olùpolówó ń lé kiri, “demo” ni wọ́n ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òǹwòran ìkànnì wọ̀nyí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ìdí nìyẹn tí ìpolówó oògùn fi ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn, oògùn tí ẹ ò lè rà láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún yín. Lára àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, Amẹ́ríkà àti New Zealand nìkan ló gba irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ láàyè.

Ta wá ló ń ka àwọn òǹwòran? Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Nielsen ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú nǹkan bí ilé 42,000 tí wọ́n ṣà káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé á sì máa tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ bó bá jókòó síwájú tẹlifíṣàn. Láti 2025 ni wọ́n ti ń pa èyí pọ̀ mọ́ ohun tí àpótí kébù àti tẹlifíṣàn tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ń kó jọ nínú àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ilé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé jáde kì í ṣe iye àwọn tó yà síbẹ̀. Ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ni. Ká ní ètò kan gba wákàtí kan. Mílíọ̀nù kan ènìyàn wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mílíọ̀nù kan mìíràn wo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ni Nielsen yóò kọ, kì í ṣe méjì. Ìyẹn ni atọ́kùn kì í fi í jẹ́ kí ẹ dìde. “Ẹ má lọ o, ọ̀rọ̀ ń bọ̀”: ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi dúró lówó lórí.

“Rating” àti “share” náà kì í ṣe ọ̀kan. Nínú ọgọ́rùn-ún ilé tó ní tẹlifíṣàn, ká ní ogójì ló tan tiwọn, mẹ́wàá sì wà lórí ìkànnì kan. Rating ìkànnì náà jẹ́ 10, share rẹ̀ jẹ́ 25. Ẹ lè fojú inú wo èyí tí wọ́n máa fi fọ́nnu.

Tí ìkànnì kan bá ní òun lòun gba ipò kìíní, ẹ bi í pé: nínú kí ni? Nínú gbogbo òǹwòran ni àbí nínú demo? Ojoojúmọ́ ni àbí láàrin aago mẹ́jọ sí mọ́kànlá alẹ́ nìkan? Fox News ló sábà ń léwájú nínú gbogbo òǹwòran, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n The Five, ètò Fox News tó máa ń wà lókè téńté lórí kébù, ń fa nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta sí mẹ́rin nínú orílẹ̀-èdè tó ní ènìyàn bíi mílíọ̀nù 340. Bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. World News Tonight, ìròyìn alẹ́ ti ABC, tí ẹ lè fi áńtẹ́nà lásán wò, ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá rò pé ohun tí ẹ gbọ́ lórí kébù lálẹ́ àná ni gbogbo Amẹ́ríkà ń rò, ẹ ti ka àwọn ará àdúgbò yín sí ohun tí wọn kì í ṣe.

Iye òǹwòran ń yí ẹnu padà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá ọdún 2020, Fox News ló kọ́kọ́ kéde pé Joe Biden ti gba ìpínlẹ̀ Arizona nínú ìbò ààrẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n inú bí àwọn òǹwòran, àwọn kan sì kọjá sí Newsmax, ìkànnì kébù mìíràn. Nígbà tí Dominion, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìdìbò, pe Fox lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́ torí ìtàn tí wọ́n gbé jáde pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣèrú ìbò, ìwé tó jáde ní kóòtù fi hàn pé àwọn atọ́kùn àti ọ̀gá ń bẹ̀rù pé òǹwòran ń sá lọ, bí wọn ò tiẹ̀ gba ìtàn èrú ìbò náà gbọ́ láàrin ara wọn. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin ọdún 2023, Fox gbà láti san dọ́là mílíọ̀nù 787.5. Newsmax náà gbà ní 2025 láti san mílíọ̀nù 67 fún Dominion. Ẹ má rò pé apá kan ṣoṣo ló ń ṣàárẹ̀ yìí o. Lẹ́yìn ìbò 2024, òǹwòran MSNBC, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ti ẹgbẹ́ Democrat lẹ́yìn, já wálẹ̀ gidi, torí àwọn tí wọ́n pàdánù kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn mọ́.

Ẹ máa wo aago. Ní ọ̀sán, ìròyìn ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀. Tó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ti ìlà-oòrùn, èrò ọkàn atọ́kùn lẹ ń gbọ́. Kóòtù gan-an sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2020, adájọ́ kan ní New York da ẹjọ́ tó dá lórí ọ̀rọ̀ Tucker Carlson, atọ́kùn Fox nígbà náà, nù, ó ní ẹni tó lóye yóò mọ̀ pé àsọdùn ni. Lọ́dún kan náà, adájọ́ kan ní California da ti Rachel Maddow ní MSNBC nù pẹ̀lú ìdí tó jọ ìyẹn. Àmì mìíràn tún wà lójú tẹlifíṣàn: bí àkọlé ìsàlẹ̀ bá ní àmì ìbéèrè, wọn ò tíì rí ẹ̀rí. Àlejò tí wọ́n kọ “contributor” sábẹ́ orúkọ rẹ̀, ìkànnì náà ló ń sanwó fún un.

Ọ̀rọ̀ físà ni ó sábà máa ń ko ẹ̀rù bá àwa tí a wá láti òkèèrè. Bí ẹ bá gbọ́ lórí kébù pé òfin físà ti yí padà, kí ẹ tó pe lọ́yà, ẹ wá ìwé òfin náà fúnra yín. Bó bá jẹ́ àbádòfin, yóò ní nọ́ńbà tí H.R. (ilé aṣojú) tàbí S. (ilé aṣòfin àgbà) ṣáájú, ẹ wò ó lórí congress.gov bóyá ilé méjèèjì ti buwọ́ lù ú. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀. Bó bá jẹ́ ìlànà àjọ ìjọba, Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí, ẹ sì wò ó bóyá “proposed” (àbá lásán) ni tàbí “final” (èyí tó ti fìdí múlẹ̀). Ti àkọ́kọ́ ò tíì mú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ látẹnu aṣòfin fúnra rẹ̀, ìkànnì C-SPAN wà, láti 1979, kì í fi ìpolówó ọjà já ọ̀rọ̀ aṣòfin, kò sì ní atọ́kùn tó ń bú ramúramù. Ó máa ń rẹni lójú, àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà Nielsen dé sínú àpótí ìwé yín pẹ̀lú dọ́là bíi mélòó kan nínú rẹ̀. Jìbìtì kọ́ nìyẹn. Ẹ lè kọ̀, kò sí dandan níbẹ̀, wọn kì í sì í ní kí ẹ sanwó kankan. Ẹni tó bá béèrè owó lọ́wọ́ yín ní orúkọ wọn, ọlọ́ṣà ni. Bí ẹ bá gbà tí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ wá, kí àwọn ọmọ náà máa tẹ bọ́tìnì tiwọn. Ti àlejò náà wà níbẹ̀: ọjọ́ orí rẹ̀ àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni wọ́n máa béèrè.