Àṣìṣe tí àwọn òbí ń ṣe lórí sìkọ́láṣíìpù ọmọ lásìkò owó-orí ní Amẹ́ríkà

Bí fọ́ọ̀mù 1098-T bá ti dé láti yunifásítì, àpótí méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: àpótí 1, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà, àti àpótí 5, sìkọ́láṣíìpù àti owó ìrànwọ́ ọmọ. Bí ti 5 bá ju ti 1 lọ, àwọn òbí kan á ní kò kan àwọn, wọ́n á jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn mìíràn á ro iye tó fi lé mọ́ owó-oṣù tiwọn. Méjèèjì kò dára.

Sìkọ́láṣíìpù tí ọmọ tó ń kàwé gboyè fi san owó ilé-ẹ̀kọ́, ìwé àti irinṣẹ́ tí kíláàsì rẹ̀ béèrè, kò ní owó-orí nínú. Èyí tó bá lọ sórí yàrá àti oúnjẹ ni ìjọba kà sí owó-wọlé, ti ọmọ sì ni, bí ẹ tilẹ̀ ń bọ́ ọ. Fọ́ọ̀mù owó-orí tirẹ̀ ló ń lọ, Schedule 1, ìlà 8r. Owó ìwé tí ẹ rà lọ́jà kì í sábà hàn lórí 1098-T, nítorí náà ẹ má da rìsíìtì nù.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ òbí jù nìyí. Ká ní owó ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ $6,000, ìwé $600, yàrá àti oúnjẹ $8,000. Ọmọ gba Pell Grant (owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọmọ tí owó ilé wọn kò pọ̀) $7,000 àti sìkọ́láṣíìpù $2,000 tí wọ́n ní owó ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni kó fi san. Bí ẹ bá kàn yọ owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé kúrò nínú $9,000 náà, $2,400 á di owó-wọlé ọmọ, ẹ̀yin ò sì ní rí kọ́bọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí Pell Grant gbọ́ bùkátà yàrá àti oúnjẹ. Bí ọmọ bá ka $6,400 nínú Pell náà sí owó yàrá àti oúnjẹ, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó-wọlé, $4,000 nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé á ṣẹ́kù tí ẹ̀yin lè fi béèrè American Opportunity Tax Credit, ẹ̀dínwó owó-orí fún owó ẹ̀kọ́, lórí Form 8863. Ẹ̀dínwó $2,500 nìyẹn, $1,000 nínú rẹ̀ sì lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ bí ẹ ò tiẹ̀ jẹ owó-orí kankan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bá wa ṣe owó-orí kì í dá a sọ àfi tí a bá béèrè.

Ẹ̀dínwó yìí kò kọjá ọdún mẹ́rin lórí ọmọ kan. Tọkọtaya tó jọ kọ fọ́ọ̀mù kan náà tí owó wọn bá ju $160,000 lọ, á máa dínkù. Ó parí ní $180,000. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá sì ti fi gbowó nínú 529, àkáǹtì tí wọ́n fi ń tọ́jú owó ẹ̀kọ́ ọmọ, ẹ má tún fi béèrè ẹ̀dínwó.

Ẹ tètè bá ọmọ sọ̀rọ̀ kó tó fi fọ́ọ̀mù owó-orí tirẹ̀ ránṣẹ́ látorí fóònù. Bó bá ti kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó ń bọ́ òun, IRS, àjọ owó-orí Amẹ́ríkà, lè dá tiyín padà, á wá di pé kó lọ fi fọ́ọ̀mù àtúnṣe, 1040-X, tún tirẹ̀ ṣe. Bó bá sì ń ṣiṣẹ́, ẹ ro owó iṣẹ́ náà mọ́ $6,400 yẹn: fún ọdún 2025, ohun tó bá kọjá $15,750 ni wọn yóò gba owó-orí lé lórí, wọ́n sì lè fi ìwọ̀n owó-orí tiyín gba apá kan nínú rẹ̀ lórí Form 8615.