Bí A Ṣe Ń Gbé Orin Ìdágbére Dido Sórí Píánò

Nínú ópẹ́rà (eré orí ìtàgé tí a ń fi orin ṣe) Dido and Aeneas tí Henry Purcell kọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Chelsea, London, ṣe ní nǹkan bí ọdún 1689, Dido, ọbabìnrin Carthage, ìlú àtijọ́ kan ní Àríwá Áfíríkà, kọ orin kan kí ó tó kú: "When I am laid in earth". Ohùn obìnrin kan ló ń dá a, àwọn fáyólìn àti béèsì ń gbè é. Ẹni tó lè ka nótì, tó sì ń tẹ píánò díẹ̀díẹ̀, lè tò ó fún ọwọ́ méjì.

Fi ẹnu kọ ọ́ ná. Níbi tí o bá ti mí, fi pẹ́ńsù sàmì sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún yóò ti gbé sókè.

Lẹ́yìn náà, kọ́ ọwọ́ òsì nìkan; òun ló ń tẹ béèsì, ohùn ìsàlẹ̀. Béèsì yìí gùn tó bar (ìpín tí ìlà òòró ń pààlà sí nínú ìwé orin) márùn-ún, ìgbà mọ́kànlá ló sì ń yí po láìyí padà. Láti G ló ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀: G, F sharp, F, E, E flat, D. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lo sólfà yóò mọ̀ ọ́n sí l, se, s, fe, f, m. Yípo àkọ́kọ́, òun nìkan ló ń dún. Má fi kọ́ọ̀dù (nótì mélòó kan tí a tẹ̀ pọ̀) kankan kún un. Jẹ́ kí ìka kan dúró títí èkejì yóò fi tẹ̀, kí o sì máa pààrọ̀ pẹ́dàlì ní gbogbo nótì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ F àti F sharp yóò dàrú mọ́ra wọn.

Ibi tó le jù lọ nìyí: gbólóhùn Dido kì í sábà parí níbi tí béèsì ti parí. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá mí, ọwọ́ òsì kò gbọdọ̀ dúró dè é. Ibi tí mo ti ń gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ń ba orin yìí jẹ́ nìyẹn.

Fi ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún mú ohùn Dido. Nínú ohùn àárín, mú kìkì nótì tó ń bá béèsì jà, tí dídún wọn kò bára mu, kó tó rọ̀. Fi ìyókù sílẹ̀. Mi ò fara mọ́ kí a máa da nótì wéréwéré kún àlàfo.

"Remember me" kọ́kọ́ ń pe D kan náà léraléra. Ohùn ènìyàn lè mú un wú, ṣùgbọ́n nótì píánò ń kú lọ ni, nítorí náà jẹ́ kí D kọ̀ọ̀kan wúwo díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tọ́jú agbára tó ga jù fún ìgbà tí ó bá gòkè dé G.

Tí Dido bá dákẹ́, béèsì ṣì ku yípo méjì. Àwọn fáyólìn ló ni ibẹ̀: bẹ̀rẹ̀ wọn lókè, kí o máa sọ̀ kalẹ̀ bíi ti béèsì, láìsáré, láìfà á.