Àwọn Àṣìṣe Tí Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Wá Èrò Tuntun

Iṣẹ́ mi ni yíya lébẹ̀lì, páálí àti bánà fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Àkúrẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú iṣẹ́ yìí kì í ṣe oníbàárà tó jẹ mí lówó, owó tí àwọn ọ̀dọ́ ti ná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi ni. Wọ́n á ti san owó sẹ́mínà, wọ́n á ti ra ápù, wọ́n á ti ra àwọn bébà aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, síbẹ̀ orúkọ tí wọ́n máa sọ epo pupa wọn ni Golden. Ẹ rìn láti Ọjà Ọba gba òpópónà Ọba Adésidà, kí ẹ ka iye Golden àti Royal tí ẹ máa rí lára pátákó. Mi ò ní ṣàlàyé ohun tí àtinúdá jẹ́, ẹ ti gbọ́ ìyẹn ní sẹ́mínà. Ibi tí owó yín ti ń jò ni mo fẹ́ tọ́ka sí.

1. Ríra irinṣẹ́ kí ẹ tó mọ ìṣòro tí ẹ fẹ́ yanjú. Ìwé kan àti bírò kan ti tó.

2. Dídúró kí èrò ṣàdédé wọlé. Láti 1926 ni Graham Wallas, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé pé ìpele mẹ́rin ni èrò tuntun ń gbà kọjá: ìgbáradì, ìsinmi tí ọkàn fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, ìgbà tí èrò náà là, àti ìgbà tí a dán an wò. Àwọn èèyàn wa á fo ìgbáradì, wọ́n á lọ sùn. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó, ẹ mọ kòkó. Bí a bá pa á tán, a máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, ṣùgbọ́n ta ló ń bo agbọ̀n òfìfo? Ìgbáradì ni kí ẹ lọ dúró ní gáréèjì, kí ẹ wo ẹni tó ń ra ọjà yín: kí ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀, báwo ló ṣe tú u, kí ló ṣe sí ọ̀rá rẹ̀ nígbà tó jẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè lọ rìn. Ní 2014, Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ní Yunifásítì Stanford rí i pé èrò àwọn tó ń rìn máa ń pọ̀ ju ti àwọn tó jókòó lọ, kódà bó jẹ́ orí ẹ̀rọ ìrìn nínú yàrá ni wọ́n wà tí wọ́n kọjú sí ògiri. Àmọ́ nígbà tí ìbéèrè bá ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ìrìn kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ rìn nígbà tí ẹ bá ń wá, ẹ jókòó nígbà tí ẹ bá ń yàn.

3. Ìpàdé aláriwo tí ẹ ń pè ní brainstorming, tí gbogbo yín ń jókòó pọ̀ sọ èrò jáde. Nítorí èyí gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Alex Osborn, onípolówó ọjà ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n náà kalẹ̀, ìwé tó kọ ní 1953 ló sì tàn án kálẹ̀. Òfin mẹ́rin ló fún un: ẹ má dá èrò kankan lẹ́jọ́ ná, ẹ jẹ́ kó pọ̀, ẹ gba èyí tó jọ wèrè láàyè, ẹ máa fi ti ẹnì kan kún ti ẹnì kejì. Ní tiwa, ọ̀gá á jókòó sórí àga ńlá, á ní kí wọ́n gbàdúrà, bí wọ́n bá ti ṣe àmín báyìí, á sọ èrò tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni á wá ní, “Ẹ̀yin ńkọ́?” Ọmọ wo ló máa sọ pé àwọ̀ ewé tí Dádì mú wá kò dára? Ọmọ tí a tọ́ kì í já àgbà nírọ́ láwùjọ. Gbogbo wọn á ní, “Ẹ ṣeun sà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni,” wọ́n á fi wákàtí méjì tún èrò Dádì sọ lóríṣiríṣi, wọ́n á jẹ mííìtì páì, wọ́n á relé.

Bí ọ̀gá kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, ìṣòro ṣì wà. Ní 1958, wọ́n dán an wò ní Yunifásítì Yale: èèyàn mẹ́rin jókòó pọ̀ ronú, mẹ́rin mìíràn dá ronú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì pa èrò wọn pọ̀. Ti àwọn tó dá ronú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ní 1987, Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe fi hàn pé ohun tó ń fà á jù ni dídúró kó kan èèyàn láti sọ̀rọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: èèyàn mẹ́wàá, wákàtí kan, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta yòókù, tẹlòmíràn ló fi ń gbọ́, tirẹ̀ sì ń sá lọ.

Obìnrin kan tó ń din ìpékeré tà ní Oǹdó kó irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: ọkọ rẹ̀, àbúrò ọkọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àbúrò ọkọ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ó fẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, wọn kò kúrò lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín mọ́: kó dé fìlà, kó wé gèlè, kó ṣẹ́jú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dákẹ́. Mo pín bébà, mo ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ ohun mẹ́ta láìkọ orúkọ, kó sì gbé e fún ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Jámánì ni ọgbọ́n yìí ti wá, Bernd Rohrbach ló kọ nípa rẹ̀ ní 1968: èèyàn mẹ́fà, èrò mẹ́ta, ìṣẹ́jú márùn-ún, kí bébà yí ká. Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èrò 108 ti wà nílẹ̀. Àwọn tó kọ bébà kò tó mẹ́fà lọ́jọ́ náà, kò sì dí wa lọ́wọ́.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé àwọn èrò ọkọ̀ a máa fi eyín já ọ̀rá náà, ìpékeré á sì dà sílẹ̀. Ẹlòmíràn kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a la ẹnu díẹ̀ sí i létí. Ẹlòmíràn tún kọ ọ́ pé: “Já a níbí, kí o bu fún ẹni tó jókòó tì ọ́.” Gbólóhùn yẹn ló wà lára ọ̀rá náà títí dòní. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló kọ ti eyín, torí òun ló ń gbé ìpékeré náà lọ tà ní gáréèjì. Kò sí bó ṣe máa la ẹnu lójú àbúrò ọkọ ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ tiyín sí bébà bíi ti gbogbo èèyàn, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò bu ọ̀wọ̀ yín kù. Ẹ̀yin náà lẹ máa yàn nígbẹ̀yìn, owó yín ni.

Títètè dúró náà wọ́pọ̀. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ti rí i léraléra pé èyí tó kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ló máa ń sọ sí gbogbo ayé lọ́kàn, èyí tó ṣọ̀wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí ChatGPT, ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń dáhùn ìbéèrè, ti ń pa yín lára nìyẹn: bí ẹ bá bi í ní ohun tí ará ìsọ̀ kejì bi í, ohun tó jọra lẹ máa gbà. Ẹ kọ tiyín kún ojú ìwé kan ná, kí ẹ tó fi ohun tí ẹ fojú rí ní gáréèjì bi í.

Ẹ má gbé àwòrán iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ẹ rí lórí Pinterest ní íńtánẹ́ẹ̀tì wá bá mi pé kí n ṣe é bákan náà.

“Ṣe ohunkóhun tó bá wù ọ́” kì í ṣe iṣẹ́. Ẹ fún mi ní ààlà: àwọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin, iye tí páálí kan kò gbọdọ̀ kọjá.

SCAMPER, tí Bob Eberle tò jọ ní 1971 láti inú àwọn ìbéèrè Osborn, ìbéèrè méje ni, tí a fi ń wá èrò tuntun lórí ohun tó ti wà nílẹ̀. Ẹ̀ ń ka méjèèje lórí, ẹ kì í dúró ti ìkankan. Ẹ mú ẹyọ kan. Oníbàárà mi kan tó ń ta ọṣẹ dúdú mú “Kí ni mo lè yọ kúrò?” nìkan. Ó yọ ike: ẹni tó bá mú abọ́ tirẹ̀ wá, owó rẹ̀ dín. Ìyẹn la kọ gàdàgbà sára bánà rẹ̀.

Jíju bébà nù lẹ́yìn tí ẹ ti yan ọ̀kan máa ń dùn mí. Ẹ ti fi àkókò gbogbo ilé ra àwọn èrò yẹn, ẹ kó wọn sínú fáìlì, ẹ kọ déètì sí i. Lára bébà ìpékeré yẹn, ẹnì kan dábàá pé kí ọ̀rá kékeré tó ṣófo wà nínú ọ̀rá ńlá, fún ẹni tó fẹ́ bu fún ọmọ. Owó rẹ̀ pọ̀ jù fún oníìpékeré nígbà náà. Nígbà tó yá, ẹnì kan tó ń ta ẹ̀pà ní Ìdànrè nílò irú rẹ̀ gan-an. Mo pe oníìpékeré, mo bi í bóyá ó gbà kí n fún un, ó ní kí n fún un.