Abẹ́rẹ́ PET tuntun: ṣé ìtànṣán rẹ̀ kò ní pa Bàbá lára?

Ẹ̀ka PET, ìyẹn ibi tí a ti ń fún èèyàn ní abẹ́rẹ́ oní-ìtànṣán ká tó ya àwòrán inú ara, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti sú mi láti máa rí àwọn èèyàn wa tó ń sá fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ nítorí ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ìbéèrè yín nìwọ̀nyí.

Ṣé ti abẹ́rẹ́ tuntun kò pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ?
Èyí tó wọ́pọ̀ kò pọ̀ tó o. FDG, ṣúgà oní-ìtànṣán tí a ti ń lò tipẹ́, 370 MBq rẹ̀ (ìwọ̀n ìtànṣán inú abẹ́rẹ́) ń fún ara ní bíi 7 mSv (ìwọ̀n èyí tí ara gbà). Piflufolastat, abẹ́rẹ́ jẹjẹrẹ próstéètì tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2021, bíi 4 mSv ni. Ìtànṣán inú ilẹ̀, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ojú ọ̀run ń fún wa ní 2.4 mSv lọ́dún, tí a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé. CT, àwòrán X-ray tó bá a rìn, ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ béèrè iye rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò ni abẹ́rẹ́ tó ní zirconium-89, èròjà oní-ìtànṣán tó ń lo wákàtí 78 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ti ìyẹn ga dáadáa. Ibi ìwádìí la ti sábà ń lò ó, ẹ ka ìwé wọn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n kọ 333 sí fọ́ọ̀mù mi, ẹ̀yin ẹ ní 4.
333 MBq ni agbára ohun tó wà nínú síríńjì. 4 mSv ni ohun tí ara gbà.

Ìgbà wo ló máa kúrò lára?
Ní gbogbo ìṣẹ́jú 110, ìdajì fluorine-18, èròjà oní-ìtànṣán inú FDG àti piflufolastat, á ti lọ; ti gallium-68, èròjà inú àwọn abẹ́rẹ́ PET mìíràn, ìṣẹ́jú 68. Ẹ mu omi, ẹ máa tọ̀ dáadáa.

Mo lóyún, tàbí mò ń fún ọmọ lọ́mú.
Ẹ sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé.

Wọ́n ní àwòrán kò dáa, kí n padà wá. Ṣé oògùn náà ni kò ṣiṣẹ́?
Èyí ló fún mi níṣòro jù. Bàbá kan wá ya PSMA, àwòrán PET tí a fi ń wá jẹjẹrẹ próstéètì. Kíndìnrín àti ẹṣẹ́ itọ́, tó yẹ kó mọ́lẹ̀ yòò, rí bàìbàì. A wo ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn, a wo aago, a wọn ìwọ̀n ara Bàbá, a wọn ohun tó ṣẹ́ kù nínú síríńjì. Gbogbo rẹ̀ pé. Àwọn kan ti ń sọ pé oògùn ọjọ́ yẹn ni kò dáa, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà. Apá Bàbá wà lókè orí nígbà tí a ń yàwòrán, igúnpá wọn, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé, kò sì wọ inú àwòrán rárá. Mo ní kí wọ́n gbé apá sílẹ̀, a ya ibẹ̀. Ibẹ̀ ló wà! Oògùn ti jò kúrò nínú iṣan sínú ẹran. Kímò, oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń gbà sí iṣan, ti ba àwọn iṣan wọn jẹ́. Bàbá ní ó ta àwọn nígbà tó ń wọlé, àwọn kò sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa pe àwọn ní ojo.

Ẹ gbọ́, ìtànṣán tó yẹ kó tàn ká gbogbo ara ló kóra jọ sí ojú kan yẹn, 4 mSv tí mo sọ lókè kò sì sọ ohun tí awọ ibẹ̀ gbà. Dókítà tún lè rí jẹjẹrẹ tó rí bàìbàì, kó rò pé ó ti ń lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún un yà, abẹ́rẹ́ kejì nìyẹn.

Tó bá ta yín, tàbí ibẹ̀ wú, ẹ pariwo lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi róòbù ra á, ẹ má lọ bi kẹ́míìsì àdúgbò. Ẹ ní kí wọ́n ya apá yẹn, kí onímọ̀ físíksì ilé ìwòsàn ṣírò ohun tí ibẹ̀ gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì yín.